Yí ike náà padà, kí o ka ẹ̀yìn rẹ̀

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Apòògùn. Olùkọ́ ni mí ní Apẹ̀tẹ̀, ọmọ ọdún 29 ni mí, mo sì bímọ ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Látìgbà tí mo ti wà nínú oyún ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì ti dúdú bí ẹni fi èédú pa á, irorẹ́ sì fi àpá sílẹ̀ níwájú orí mi. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta ìpara ní Bódìjà kó ọṣẹ ojú, tónà (omi tí wọ́n fi ń nu ojú), serum (oògùn ojú olómi) àti kírìmù alẹ́ fún mi, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 43,500 náírà. Ọkọ mi ní odò Ògùnpa ni mo da owó náà sí. Ìyá mi ní òrí àti ọṣẹ dúdú ti tó. Obìnrin kan ládùúgbò wa sì ní òun lè po ìpara tí yóò mú ojú mi mọ́ láàárín ọjọ́ méje. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló tọ̀nà nínú wọn? Ṣé ìpara wọ̀nyí tó owó tí à ń san lé wọn lórí?"

Ìdáhùn:

Ọmọ mi, o kú ewu ọmọ. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti wà nídìí káńtà oògùn nílùú yìí, kò sì sí ọ̀sẹ̀ kan tí irú ìbéèrè rẹ kì í wọlé tọ̀ mí wá. Wọ́n ní a kì í wáyé ká má lárùn kan lára, ìjà ìgboro làrùn Ìbàdàn. Ìjà ti rọlẹ̀ díẹ̀ báyìí, ó dà bíi pé ìpara ló gba ipò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá ọkọ rẹ lóhùn, torí òun ló sọ̀rọ̀ owó. Ó jàre, àmọ́ kò jàre tán. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ike mẹ́rin tí o rà ti ju ìdajì rẹ̀ lọ. Serum tó wà láàárín wọn ńkọ́? Mílílítà 30 ni wọ́n sábà máa ń rọ sínú irú ìgò kékeré bẹ́ẹ̀. Tó o bá ń fi ìwọ̀n ìdajì mílílítà pa ojú láàárọ̀, tó o sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ lálẹ́, oṣù kan ni, ó ti tán. Torí náà, kì í ṣe owó ẹ̀ẹ̀kan lo ná yẹn, owó tí wàá máa ná ni. Ohun tí ọkọ rẹ ò mọ̀ ni pé nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ṣeé ṣe kí ẹyọ kan wà tó ń ṣiṣẹ́ gidi. Ká wá èwo ni.

Kó wọn sórí tábìlì. Má wo iwájú wọn rárá. Iwájú ike ni ọlọ́jà ti ń polówó: àwọ̀ wúrà, àwòrán òdòdó, "ojú rẹ á dán bíi ti ọmọ tuntun." Ẹ̀yìn ló yẹ kó ti sọ ohun tó kó sínú ike náà, ó kàn ń fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ sọ ọ́ kí ojú má bàa tètè rí i ni. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ rèé: ohun tó pọ̀ jù ló máa ń ṣáájú, èyí tó tẹ̀ lé e á tẹ̀ lé e, títí wọ́n á fi dé orí àwọn tí kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Láti ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀, bó bá ṣe wù wọ́n ni wọ́n lè tò ó.

Láìpẹ́ yìí mo ṣe é lójú oníbàárà mi kan. Kírìmù kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ti rà níbòmíì ní 26,000 náírà, inú ìgò tó wúwo bí òkúta ọlọ. Mo gbé kírìmù mìíràn tó jẹ́ 3,800 tì í lórí káńtà, mo fún un ní awò ojú mi pé kó máa ka méjèèjì sí mi létí. Omi. Omi. Gílísárìn. Gílísárìn. Ọ̀rá kan báyìí, òun náà nìyẹn nínú èkejì. Lẹ́yìn náà ni "cetearyl alcohol," ó gbójú sókè, ó ní, "Ọtí ni wọ́n fi sínú ìpara?" Rárá o, ọ̀rá náà ni, orúkọ ló jọra. Ó ń kà á lọ títí ó fi dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ibẹ̀ ló ti bá oje òdòdó tí wọ́n yà gàdàgbà-gadagba síwájú ìgò olówó ńlá yẹn. Ó wà lẹ́yìn ohun tí wọ́n fi sí i kó má bàa bàjẹ́, ìyẹn ni pé bíńtín ló wà nínú rẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Màmá, omi ni mo rà?"

Omi ni, àmọ́ má jẹ́ ká tìtorí ìyẹn fojú kéré ìpara. Iṣẹ́ ńlá ni omi àti gílísárìn ń ṣe. Ìpele tó wà lókè pátápátá nínú awọ ara wa fẹ́lẹ́ ju bébà lọ, omi inú ara sì ń gba ibẹ̀ jáde tọ̀sán-tòru. Lásìkò ọyẹ́, o mọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń hàn bí ẹni tó rin eérú. Gílísárìn ń fa omi mọ́ra síbẹ̀, ọ̀rá ń dé e lórí kó má bàa fẹ́ lọ. Nínú gbogbo ohun tó ń dé e lórí, mi ò tíì rí èyí tó ju Vaseline lásán lọ. Ọdún 1872 ni Robert Chesebrough gba àṣẹ lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó ti lé ní 150 ọdún, àwọn ìgò aláwọ̀ wúrà ò sì tíì borí rẹ̀ nídìí iṣẹ́ yẹn. Ó kàn ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lára ni, ẹni tí ojú rẹ̀ bá sì ń yọ òróró kò ní fẹ́ràn rẹ̀ lójú. Bí kírìmù ṣe fúyẹ́ lójú, bó ṣe tètè wọlé, bó ṣe ń ta sánsán, ìyẹn lowó ń bá ọ rà. Tí owó bá wà, kò burú. Ṣùgbọ́n ìgbádùn ni, kì í ṣe ìwòsàn.

Ìyẹn ló mú mi dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ. Ẹ kú oríire ìyá. Òrí dára. Èyí tó ń ti Sakí àti apá Òkè-Ògùn wá sọ́jà wa níbí, tó o bá bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ tó o fi ọwọ́ kejì rà á, kó tó di pé o ka ogún ó ti di òróró. Ó ń dé omi mọ́ ara dáadáa, owó rẹ̀ ò sì pani lára. Fi pa ara, fi pa ẹsẹ̀, fi pa ọmọ. Ọṣẹ dúdú ni mo fẹ́ bá a jà lé lórí díẹ̀. Eérú tí wọ́n fi ń sè é le. Awọ ara wa fẹ́ kíkan díẹ̀, bíi 5 lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn kíkan; bí nọ́mbà bá ṣe ń ga sí i ni kíkan ń dín kù. Ọṣẹ dúdú sì máa ń tó 9 tàbí 10. Ohun tó ń mú ojú rẹ fún pinpin lẹ́yìn tó o bá bọ́jú tán nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé mímọ́ ni ojú mọ́, kò mọ̀ pé awọ ló ń ké. Ara líle lè gbà á. Ojú tí irorẹ́ ti bà jẹ́, tí wọ́n tún wá ń fi kànìnkànìn fọ̀, kò lè gbà á, àpá dúdú náà á kàn máa pọ̀ sí i ni. Ọṣẹ ojú tó rọ̀, tí kì í hó yààyàà, tó o rà yẹn sàn fún ọ. Àmọ́ má ra olówó ńlá, torí kò ní pẹ́ lójú ìṣẹ́jú kan tí o fi máa ṣàn án dànù.

Tónà? Má rà á mọ́.

Tí wọ́n bá kọ collagen, èròjà tó ń mú awọ le, síwájú kírìmù alẹ́ rẹ, wàá gbọ́ ọ pé ó ń di ojú mú. Èròjà tó bá máa gba awọ ara wọlé gbọ́dọ̀ kéré gan-an. Àwọn onímọ̀ máa ń fi 500 Dalton (ìwọ̀n bí èròjà kéékèèké ṣe wúwo tó) díwọ̀n ibi tó yẹ kó mọ. Collagen tó pé ń lọ sí bíi 300,000. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan fẹ́ wa tírélà gba àárín agbo-ilé ní Ìdí Arẹrẹ. Ẹnu ọ̀nà ló máa dúró sí, ó máa mú ojú rọ̀ díẹ̀ títí tó o fi máa bọ́jú, ó parí.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ gan-an. Dúdú tó yọ sí ọ lójú nínú oyún ni àwọn dókítà ń pè ní melasma. Oyún ló gbé e dé, oòrùn ni kò jẹ́ kó lọ. Àwọn ibi tó ń ṣe àwọ̀ nínú awọ ara wa kò pọ̀ ju ti òyìnbó lọ, iṣẹ́ tí tiwa ń ṣe ló pọ̀. Tí oyún bá ti jí wọn, ìtànṣán díẹ̀ ti tó láti dá wọn lágara, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í da àwọ̀ sílẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ obìnrin, ó máa ń ṣí fúnra rẹ̀ ní oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ. Torí náà, tí ọ̀rẹ́ rẹ bá ní ike òun ló ṣí i, gbọ́ ọ, má bá a jiyàn.

Tó o bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo tó tó owó rẹ̀ fún ìṣòro tìrẹ, ìpara tó ń dá oòrùn dúró ni, èyí tí wọ́n ń kọ sunscreen sí lára, kò sì sí nínú mẹ́rin tí wọ́n kó fún ọ. Ìyẹn bí mi nínú díẹ̀. Wọ́n ta ohun tí yóò pa àbàwọ́n rẹ́ fún ọ, wọn ò ta ohun tí kò ní jẹ́ kó padà wá. SPF ni nọ́mbà tó ń sọ bí ìpara náà ṣe lágbára tó: SPF 15 ń dá bí ìdá 93 nínú 100 dúró nínú ìtànṣán tó ń jó ara, SPF 30 ń dá 97, SPF 50 ń dá 98. O rí i pé láti 30 sí 50, ẹyọ kan péré ló fi lé. Má jẹ́ kí wọ́n torí ẹyọ kan yẹn gba owó méjì lọ́wọ́ rẹ. Ìwọ̀n tí à ń pa ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Fà á sórí ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín láti ìdí dé ṣóńṣó, ìlà méjì gbọọrọ. Ti ojú àti ọrùn nìyẹn. Tó o bá fi ẹyọ kan bí ẹ̀wà pa gbogbo ojú, o kàn ń tan ara rẹ ni. Tó o bá pẹ́ níta, wákàtí méjì-méjì ni kó o máa tún un pa.

Ohun kan tún wà tí kì í sí lẹ́nu àwọn tó ń tà á. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ìmọ́lẹ̀ lásán tí ojú ń rí náà ń mú irú àbàwọ́n yìí dúdú sí i, ọ̀pọ̀ ìpara oòrùn funfun ò sì lè dá ìyẹn dúró. Èyí tó ní àwọ̀ pupa rúsúrúsú ló ń ṣe é, torí ó ní iron oxide, ẹbí ohun tó ń mú ìpẹtà irin pọ́n. Àǹfààní kejì ni pé kò ní mú ojú rẹ funfun bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí èlùbọ́. Tí o ò bá sì rówó rà á lóṣù yìí, àwọn baba wa ti sọ nǹkan kan lórúkọ tẹ́lẹ̀: agbòòrùn. Kì í ṣe òjò nìkan la dá a fún. Nígbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé bá tò sórí pápá láàárọ̀, dúró sábẹ́ igi. (Tó bá jẹ́ pé àfín wà nínú kíláàsì rẹ, gbogbo ohun tí mo sọ nípa dídín owó kù ò kan tiẹ̀. Tirẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà, jẹjẹrẹ awọ ara là ń sá fún. Fìlà, aṣọ alápá gígùn, àti ìpara oòrùn lójoojúmọ́. Bá mi sọ fún ìyá rẹ̀.)

Ní ti àpá irorẹ́ àti àbàwọ́n náà fúnra wọn, wá orúkọ méjì lẹ́yìn serum tí o ní: niacinamide tàbí azelaic acid. Ẹ̀yà fítámì B ni ti àkọ́kọ́. Tó bá tó ìdá 4 tàbí 5 nínú 100, ó ń dí àwọ̀ lọ́wọ́ kó má bàa rékọjá sókè awọ. Kò wọ́n lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é, ìdí nìyẹn tí serum olówó kékeré fi lè ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú olówó ńlá. Azelaic acid ń bá irorẹ́ àti àbàwọ́n jà pa pọ̀, ìyá ọlọ́mọ sì lè lò ó. Tí irorẹ́ tuntun bá ṣì ń yọ, benzoyl peroxide, oògùn irorẹ́, tó jẹ́ ìdá 2.5 nínú 100 tó ọ. Àwọn èèyàn máa ń ní kí n fún àwọn ní 10 torí pé ó pọ̀ jù, iṣẹ́ tí méjèèjì ń ṣe ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, títa tó ń ta ojú ni ti 10 fi lé e. Kàn má lo táwẹ̀lì àti àpò ìrọ̀rí tó o fẹ́ràn, torí ó máa ń pa àwọ̀ aṣọ rẹ́. Àǹkárá ìyá mi kan wà nílé tó ní ojú òṣùpá méjì láyà títí dòní nítorí rẹ̀.

Fítámì C náà dára tó bá ṣì wà láàyè. Ìmọ́lẹ̀, ooru àti afẹ́fẹ́ ló ń pa á. Lọ́jọ́ kan ní Mókọ́lá, mo rí ìgò rẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n tò sójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, tí oòrùn ọ̀sán ń sun wọ́n bí iṣu. Tó bá ti pọ́n bíi tíì, ó ti lọ.

Èyíkéyìí tó o bá mú nínú wọn, fún un ní oṣù méjì sí mẹ́ta. Awọ ara ń lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó pààrọ̀ ara rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè. Ìdí gan-an nìyẹn tí ẹ̀rù fi bà mí nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ obìnrin àdúgbò yín.

Ọjọ́ méje. Ohun tó bá mú ojú mọ́ lọ́jọ́ méje kò dúró de awọ rẹ rárá, ó bó o ni, tàbí ó fún iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ rẹ̀ pa. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń pò ó: lóṣọ̀n ńlá kan láti Agbeni nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, túùbù clobetasol bíi mẹ́ta, ìyẹ̀fun kan nínú ọ̀rá tí kò ní orúkọ, wọ́n á fi igi rò ó bí ẹni ro kókó, wọ́n á bù ú sínú ike. Clobetasol yẹn, steroid ni, oògùn tó ń dín wíwú awọ kù, ó wà lára àwọn tó lágbára jù tí à ń fi pa ara. Dókítà lè fún ẹni tí awọ rẹ̀ wú fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ó sì máa ń sọ pé kó má kan ojú. Obìnrin kan tó ń ta ata wá bá mi rí, ó ti fi pa ojú fún ọdún mẹ́ta. Mo ní kó yíjú síbi tí iná wà. Mo rí iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó rin ẹ̀rẹ̀kẹ́ já bí òwú pupa, awọ náà ti fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Ó ní tí òun bá ti fi í sílẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í jó òun bí iná. Kò ní ìpara mọ́, ìpara ló ní i. Mo darí rẹ̀ sí àwọn tó ń tọ́jú awọ ara ní ilé ìwòsàn UCH, Ọ̀ọ́rítamẹ́fà, torí ẹni tó ti lò ó pẹ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ kàn já a jù lójijì láìsí dókítà.

Hydroquinone, oògùn tó ń mú awọ mọ́, náà wà nínú wọn. Tí dókítà bá fúnni fún oṣù díẹ̀, ó ní ìwúlò. Tí wọ́n bá ń fi ọdún lò ó láìmọ ìwọ̀n, ibi tí wọ́n fẹ́ kó mọ́ gan-an ló máa padà dúdú bíi èlú, dúdú yẹn kì í sì í fẹ́ lọ mọ́. Ohun tí àwọn ọmọ ìta fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn: Fáńtà lójú, Kóòkì lórí ìka. Èyí tó burú jù fún ìwọ ni mẹ́kúrì. Ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ń gba awọ wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti wàrà ọmú. O ní ọmọ oṣù mẹ́jọ tó ń fẹnu la ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá rẹ̀. Àdéhùn Minamata, àdéhùn àgbáyé lórí mẹ́kúrì tí Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, ti ní kí wọ́n má ṣe ìpara tó ní in mọ́, kí wọ́n má sì kó o wọlé tàbí jáde, lẹ́yìn 2020, síbẹ̀ a ṣì ń rí i. Wọ́n lè kọ calomel tàbí mercurous chloride sí i lára. Tí wọn ò bá sì kọ ọ́, wo bóyá wọ́n ní kó má kan wúrà tàbí fàdákà. Ohun tó bá máa ba òrùka ìgbéyàwó rẹ jẹ́, kí ló ń wá lójú rẹ?

Ike tí ẹnì kan pò nílé kò ní ẹ̀yìn tó o máa kà. Kò sí nọ́mbà NAFDAC, kò sí orúkọ, kò sí ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Kódà kó fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́, ó ti wọ́n jù.

Nítorí náà: ọṣẹ ojú yẹn, lò ó tán. Kírìmù alẹ́, tó bá ní retinol (ẹ̀yà fítámì A), gbé e pamọ́ títí o ó fi já ọmọ lẹ́nu ọmú. Tí kò bá ní, máa fi pa ọrùn àti ọwọ́ kó má ṣòfò. Gba òrí lọ́wọ́ ìyá rẹ. Owó tónà oṣù tó ń bọ̀, fi ra ìpara oòrùn. Tí dúdú náà ò bá ṣí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tàbí tó ń gbòòrò, má tún ra nǹkan kan mọ́, lọ rí dókítà awọ ara.

Serum ló kù. Gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ kó o wò ó. Tó bá jẹ́ fítámì C ni, tó sì ti pọ́n bíi tíì, dá a padà fún ọ̀rẹ́ rẹ ní Bódìjà, kó dá owó rẹ padà. Tó bá ní òun kì í gba ọjà padà, ní èmi ni mo rán ọ.